Egungun Tí Fọ́tò Kò Rí

Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni mo ṣe dé Lomé, mo máa ń dáhùn pé ọkọ̀ ló gbé mi. Òótọ́ ni, kò sì sí ohun tó kù láti sọ níbẹ̀. Mi ò sunkún lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ìyá mi sunkún, àbúrò mi sunkún, ajá ilé wa pàápàá tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi jókòó, mo gbé àpò lé itan, mò ń wo igi ọ̀pẹ tó ń sá lọ sẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sìn lọ. Mo rò pé tí mo bá dé ibi tí mò ń lọ, ara mi yóò wá bá mi níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé.

Abúlé kan lẹ́bàá Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó bá rí àgbà tí kò kúnlẹ̀, wọn á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Kò tíì pẹ́ tí mo dé Lomé tí oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, obìnrin tó tó ìyá mi, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin náà dúró. Ó wo ilẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ àga, ó ń bi mí ní èdè Mina pé kí ni mo sọ nù. Nígbà tí mi ò dáhùn, ó fi ẹsẹ̀ ti àga sẹ́yìn kí n lè ríran dáadáa. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bonjour ni mò ń sọ, mo sì ń dúró ṣánṣán. Orúnkún mi ló ṣì máa ń fẹ́ tẹ̀ nígbà míì, màá sì dá a dúró.

Ìyá Ràfíátù ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Irun ni a ń dì níbẹ̀, ní Agoè-Nyivé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá kan tí ọkọ̀ àti alùpùpù kì í dákẹ́ lórí rẹ̀. Lomé ni wọ́n bí Ìyá Ràfíátù sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ lọ́jà, tí kò sì padà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ tó bá ń bú èèyàn, wàá rò pé àná ló kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ló mú mi mọ̀ ọ́n. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó sì fún mi ní iṣẹ́. Tàǹtí ni mò ń pè é, bí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣe ń pè é.

Ó máa ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní tí mo bá lanu, ó máa ń ṣe òun bíi pé òkú ìyá àgbà òun jí.

“Ìwọ ọmọ Kétu yìí, ṣé inú àmù ni wọ́n ń tọ́jú èdè yín sí ni?”

“Inú àmù ni, Tàǹtí. Kó lè tutù.”

Inú ilé nìkan ni Yorùbá yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Tí a bá ti yọ sí títì, Mina ni, Ewe ni, Faransé ni. Níta, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Ànàgó ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹni tó bá ń sọ irú èdè wa, àfi bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Kò dùn mí. Nígbà yẹn, kò sí ohun tó ń dùn mí. Mo máa ń jí, màá wẹ̀, màá lọ síbi iṣẹ́, màá padà, màá jẹun. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ça va, pé ṣé dáadáa ni mo wà, màá ní ça va.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni irun dídì. Ẹni tí kò bá dirun rí lè rò pé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ṣe é. Àtàǹpàkò ni. Òun ló ń tẹ irun mọ́ awọ orí kí àwọn ìka yòókù tó gbé e kọjá. Tí àtàǹpàkò bá rọ, irun á tú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oníbàárà á sì padà wá bú gbogbo ilé. Tèmi kì í rọ. Ṣùkú mi máa ń gún, kò sì ní fa ojú èèyàn sókè. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á ní, “Ànàgó dà?” Tàǹtí gbé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún mi, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ ti di ọmọ ilé. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi, mo ní, “Wọ́n fún mi ní àga.” Ó ní, “Ṣé orí ìdúró lo ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí ni?” Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tàǹtí rán mi lọ ra irun àtọwọ́dá ní Tokoin. Mo gun alùpùpù akérò, èyí tí wọ́n ń pè ní zémi. Nígbà tí à ń bọ̀, ewúrẹ́ kan já wọ títì, ọlọ́kadà tẹ bíréèkì, èmi sì fò sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gba ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ọlọ́kadà bú ewúrẹ́, ó bú mi, ó bá mi kó irun tó fọ́n ká jọ, ó sì gbé mi délé.

Ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò mi ti wú kí ilẹ̀ tó ṣú. Tàǹtí mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ya fọ́tò egungun mi, èyí tí gbogbo Lomé ń pè ní radio. Wọ́n ní kí n tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n yà á látòkè. Wọ́n ní kí n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún un yà. Kò pẹ́ tó kí èèyàn bó ọsàn kan. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó ní òun ò rí ibi tó ṣẹ́. Ó ní kí n sinmi ọwọ́ náà, pé tó bá ṣì ń dùn mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ká padà wá kí wọ́n tún un wò. Èmi àti Tàǹtí la jọ gbọ́ ọ. Àmọ́ ká tó délé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ: kò ṣẹ́.

Tàǹtí fi sẹ́lótéèpù lẹ fọ́tò náà mọ́ gíláàsì fèrèsé, lẹ́yìn àga mi, níbi tí oòrùn ti lè là á kọjá. Kò fi ìkà ṣe é. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó ní irú nǹkan tó dára báyìí, kò yẹ kó máa wà nínú ọ̀rá. Gbogbo oníbàárà tó bá jókòó ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bíi dókítà.

“Ẹ wo egungun ọmọ yìí bó ṣe funfun.”

“Kò ṣẹ́ o. Èmi mọ ọwọ́ tó ṣẹ́. Ti ọkọ mi, ńṣe ló pín sí méjì bí igi ìṣáná.”

“Tó bá ṣẹ́, ṣé a ò ní rí i ni?”

Mo máa ń bá wọn wò ó. Ọwọ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò rí ìrora kankan nínú rẹ̀. Wíwú náà lọ. Ìrora ò lọ. Ó wà ní ibi kòtò kékeré tó máa ń yọ ní ìdí àtàǹpàkò téèyàn bá na ìka náà sókè. Lójoojúmọ́ ni mò ń di irun, fọ́tò náà sì wà lẹ́yìn mi tó ń jẹ́rìí pé kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Ìyá mi ò gba fọ́tò gbọ́. Nígbà tó gbọ́ pé mo ṣubú, ọ̀dọ̀ teguntegun ló gbà lọ tààrà. Lọ́dọ̀ wa, tí egungun èèyàn bá ṣẹ́, teguntegun á mú adìẹ, á ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ dì í, á sì fi ewé kan náà tó fi tọ́jú aláìsàn tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni wọ́n á tú aláìsàn. Bàbá náà ní kí ìyá mi mú mi wá. Ìyá mi ní mo wà ní Lomé, pé orúkọ mi lòun mú wá. Bàbá gbà.

Bó ṣe di pé ìròyìn adìẹ là ń sọ lórí fóònù nìyẹn.

“Adìẹ pupa ni,” ni ìyá mi wí.

“Ṣé ó ń jẹun?”

“Ó ń jẹ àgbàdo. Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi náà ń jẹun, Ìyá.”

“Ọwọ́ ńkọ́?”

“Ó ń sàn bọ̀.”

Mò ń gbọ́ nípa adìẹ náà bíi pé ìbejì mi ni. Ó sùn dáadáa. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Ológbò fẹ́ gbé e, wọ́n lé e. Mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, lẹ́yìn ilé Tàǹtí, màá fi ọwọ́ òsì di fóònù mú, màá sì máa ṣe hẹ̀n, hẹ̀n. Ìyá mi rò pé mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi. Mi ò gba àdúrà kankan. Mo kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò lórí páànù ilé ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí adìẹ rìn, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mo sì fi fóònù sí gbangba torí pé òróró wà lọ́wọ́ mi. “Ó ti rìn o!” ni ìyá mi ń pariwo. “Ó rìn láti ìdí ògiri dé ìdí àmù! Bàbá ní o ti bọ́!” Tàǹtí tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Alihamudulilahi. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Fọ́tò ti sọ pé kò ṣẹ́, adìẹ ti sọ pé ó ti san. Ta ni mo wá jẹ́ tí màá ní ó ń dùn mí?

Mo ní, “Ẹ ṣé, Ìyá,” mo sì padà sídìí irun tí mò ń dì.

Òòyà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ mi. Irun tí mo bá dì ń tú. Oníbàárà kan padà wá, ó yọ gèlè níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ṣé irun nìyí àbí koríko. Tàǹtí kọ́kọ́ gbèjà mi. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ó gbé àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún ọmọbìnrin mìíràn, ó ní kí èmi máa fọ orí fún àwọn oníbàárà ná. Orí fífọ̀ náà ń fẹ́ àtàǹpàkò. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ibòmíràn, ó ní, “Tí a bá ṣe ọdún Iléyá tán, o ò ṣe lọ wo ìyá rẹ díẹ̀? Ó pẹ́ tí o ti wá.”

Kò sọ pé òun lé mi. Ọmọ Yorùbá kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, Tàǹtí, mo sì lọ kó aṣọ ìnura tó ti gbẹ.

Mo ti rò ó títí kí ló dé tí mi ò fi jà. Mi ò bẹ̀rù rẹ̀. Mi ò bínú sí i pàápàá. Mo rò pé nígbà téèyàn bá ti wà níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ohun táwọn èèyàn bá sọ nípa rẹ̀ ló máa ń di òótọ́. Nílé, ìyá mi á wo ìrìn mi láti ẹnu ọ̀nà, á mọ̀ pé inú ń run mí. Ní Lomé, kò sẹ́ni tó mọ bí mo ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ mi dáa, nítorí náà ó dáa, èmi ni mo ya ọ̀lẹ. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Mo máa ń tẹ ibi kòtò yẹn láàárọ̀ láti wò ó bóyá mo ń purọ́. Ó máa ń dùn mí gan-an, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò dá mi lójú.

Obìnrin tó yí ọ̀rọ̀ náà padà, irun ló wá dì, bí gbogbo èèyàn. Láti apá Atakpamé ló ti wá, ó sì ń sọ Ifẹ̀, èdè tó jẹ́ ẹbí Yorùbá, nítorí náà a máa ń gbọ́ ìdajì ara wa, a ó sì fi Faransé di èyí tó kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya fọ́tò inú ara ní ilé ìwòsàn kan ní Tokoin. Mádáàmù ni gbogbo wa ń pè é. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi ń po ọṣẹ ìfọrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí gíláàsì.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ọwọ́ ọmọ yìí ni,” ni Tàǹtí dáhùn. “Ó ṣubú. Kò ṣẹ́.”

Mádáàmù ní kí n mú ọwọ́ wá. Ó fi ìka kan tẹ ibi kòtò yẹn, kò tẹ̀ ẹ́ le, ike ọṣẹ sì jábọ́ lọ́wọ́ mi.

“Ó tó ìgbà wo?”

Tàǹtí sọ fún un. Ó fi kún un pé a ti tọ́jú rẹ̀, pé nílé ní Kétu, adìẹ tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ torí rẹ̀ ti rìn tipẹ́. Mo rò pé Mádáàmù á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn náà wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pé bàbá òun àgbà ti fi rí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà.

“Adìẹ yẹn,” ó ní, “ṣé wọ́n jẹ́ kó máa rìn kiri?”

“Ó tì o,” ni Tàǹtí wí. “Wọ́n dì í. Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ dé e mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un...” Ó wo ọwọ́ mi tí ọṣẹ ń kán lára rẹ̀. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Wọ́n dé adìẹ mọ́lẹ̀. Àwa wá gbé òòyà lé ọmọ lọ́wọ́.”

Mádáàmù ló bọ̀ wá sídìí ọ̀rọ̀. Ó ní fọ́tò náà ò purọ́, pé ohun tó lè rí ló sọ.

“Egungun wẹ́wẹ́ pọ̀ ní ọrùn ọwọ́, ọ̀kan ń bo èkejì. Radio ń tẹ́ gbogbo wọn pẹrẹsẹ lé ara wọn bí aṣọ tí wọ́n ká. Tí ọ̀kan bá là, tí ibi tó là sì tín-ín-rín bí irun, ó lè sá sẹ́yìn àwọn yòókù. Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní ọjọ́ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí èèyàn padà wá.”

“Dókítà sọ bẹ́ẹ̀,” ni Tàǹtí wí. “Ó sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbé e sọ́kàn.”

“Ó ṣì ku ẹ̀rọ kan, sikánà. Tàǹtí, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu ti rà nínú, ṣé èèpo rẹ̀ lẹ máa ń wò?”

“Màá gé e ni.”

“Voilà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Sikánà ń yí ọwọ́ ká, á gé àwòrán rẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á sì fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí egungun tó lè fi ara pamọ́ sẹ́yìn òmíràn níbẹ̀.”

Tàǹtí yí àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. “Mádáàmù, mo gbọ́ pé sikánà yẹn máa ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi o, kò tíì lọ́kọ. Tí mo bá gba ọwọ́ là tí mo wá sọ ilé ọmọ nù, kí ni màá sọ fún ìyá rẹ̀?”

“Mi ò ní tàn yín,” ni Mádáàmù wí. “Ìtànṣán ni àwọn méjèèjì ń lò, ti sikánà sì máa ń pọ̀ ju ti radio lọ. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń kọ́kọ́ ṣe radio, ó yá, ó sì ń rí ọ̀pọ̀ egungun tó ṣẹ́. Àmọ́ a ti ń dín ti sikánà kù báyìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ la fẹ́ wò, ẹran àti ẹran jọra, a nílò púpọ̀ ká tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Egungun ò jọ ẹran. Ìtànṣán díẹ̀ ti tó fún un, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti radio. Àwòrán rẹ̀ kàn máa ní hóró hóró, bíi fọ́tò tí wọ́n yà ní àṣálẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó là máa hàn. Ọwọ́ nìkan ló sì máa wọ ẹnu ẹ̀rọ. Ikùn ọmọ yìí máa wà lóde.”

“Tí sikánà náà bá wá ní kò sí nǹkan ńkọ́?”

Mádáàmù wò mí, kò wo Tàǹtí. “Tí ẹ̀rọ bá ní kò sí, tí aláìsàn ní ó wà, aláìsàn ni èmi máa ń kọ́kọ́ gbọ́.”

Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣe bí ẹni ń wá ike ọṣẹ mìíràn.

Tàǹtí ti ṣọ́ọ̀bù pa láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn Mádáàmù, ohun tí kì í ṣe àfi ọjọ́ ọdún. Ó wọ hìjáábù rẹ̀ tó dára jù. Nínú takisí, kò bú ẹnikẹ́ni. Dókítà ilé ìwòsàn náà tẹ ọwọ́ mi wò, ó sì fi mí ránṣẹ́ sí yàrá ẹ̀rọ. Mo ti rò pé wọ́n á tì mí mọ́nú nǹkan bíi pósí. Òrùka ńlá kan ni, ó funfun, bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rẹ̀. Mádáàmù ní kí n dojú bolẹ̀ kí n na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kọjá orí mi. Ó fi ìrọ̀rí kékeré sábẹ́ ìgúnpá mi, ó ní doucement, ní pẹ̀lẹ́, kí n má mira, ó sì jáde.

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo wà níbẹ̀ bí ẹni ń nawọ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò rí. Mo rò pé ẹ̀rù á bà mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí èyí tó ń ba Tàǹtí lẹ́rù. Mò ń bẹ̀rù pé wọn ò ní rí nǹkan kan, pé ẹ̀rọ tó tóbi tó báyìí á tún sọ pé mo dáa, tí màá sì padà sílé ìyá mi pẹ̀lú ọwọ́ tó dáa tí kò lè dirun. Kí n tó rò ó tán, ó ti parí.

Wọ́n pe èmi àti Tàǹtí wọlé síwájú kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà ní hóró hóró lóòótọ́. Mádáàmù ń yí i, egungun ọwọ́ mi ń kọjá ní pẹlẹbẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dúró lórí ọ̀kan tí kò tóbi ju kóró kajú lọ. Ìlà dúdú kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó ní láti fọwọ́ tọ́ka sí i fún mi.

“Ó ṣẹ́,” ni dókítà wí.

Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: egungun mi ṣẹ́, inú mi sì dùn débi tí mo fi bú sẹ́kún níwájú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Gbogbo ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé, ibẹ̀ ni mo ti sun ún. Dókítà rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ń pàrọwà fún mi pé egungun náà ò tíì yà kúrò lára ara rẹ̀, pé a ò pẹ́ jù, wọ́n á fi símẹ́ǹtì funfun dì í pẹ̀lú àtàǹpàkò, mi ò sì ní fi ṣe ohunkóhun fún oṣù bíi mélòó kan. Tó bá kọ̀ tí kò so mọ́ra, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ní kò dá òun lójú pé á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí lóòótọ́. Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé ó ṣẹ́, pé ó ti ṣẹ́ látọjọ́ náà.

“Adìẹ yẹn rìn,” ó ní. “Ojú mi ló ṣe.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Ó rìn.”

“A ti pa á jẹ. Nígbà Àjíǹde. Àbí torí pé a pa á jẹ ni?”

“Rárá o, Ìyá. Adìẹ ò ṣe nǹkan kan. Òun sinmi, èmi ò sinmi.”

“Kí ló dé tí o ò sinmi?”

Ó ní kí n máa bọ̀ nílé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti dé, mo fẹ́ lọ, ó sì dùn mí dénú egungun bí mo ṣe fẹ́ lọ tó. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n tú ọwọ́ mi ná.

Ní ti Tàǹtí, kò bẹ̀ mí. Àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ọmọdé ní tààrà, mi ò sì retí rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọdún Iléyá mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa kí oníbàárà, kí n sì máa fi ẹnu júwe fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa di ṣùkú. Mo di olùkọ́ aláìlọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí gbogbo nǹkan máa ń kú lára mi bíi ti tẹ́lẹ̀, tí màá kàn máa wo alùpùpù lójú títì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ti ń dín kù.

Irun orí mi ló wá di wàhálà. Èmi ni mo máa ń di irun ara mi látọjọ́ tí mo ti dé Lomé, lójú dígí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Pẹ̀lú símẹ́ǹtì lọ́wọ́, ó ti di ìtẹ́ ẹyẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ṣọ́ọ̀bù dá, Tàǹtí wò mí, ó pòṣé, ó ní kí n wá jókòó. Mo fẹ́ lọ gbé àpótí. Ó ní rárá, orí àga oníbàárà. Ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti fi irun dídì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Ó la orí mi sí méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́.

Ó ń fà á le. Ní ilé wa, ẹni tí wọ́n ń dirun fún kì í ráhùn. Ọmọ tó bá ké, ìdí òòyà ni wọ́n á fi kàn án lórí. Mo pa ẹnu mọ́, mo sì di ẹ̀gbẹ́ àga mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ṣé ó ń dùn ọ́?”

Rárá ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

“Ó ń dùn mí, Tàǹtí.”

Kò bi mí pé níbo, kò sì wo ojú mi. Ó tú èyí tó ti dì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó fi òróró pa ibẹ̀, ó sì tún un dì.